Ìtọ́jú Ìrònú àti Ìhùwàsí fún Àìsàn Ìsoríkọ́: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí a ń gbà wo àìsàn ìsoríkọ́, yálà láìlo oògùn tàbí pẹ̀lú oògùn. A yẹ orírun ìtọ́jú náà wò. A ṣe àlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́yìn, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. A fi hàn pé ó yàtọ̀ sí ìtùnú àti ìmọ̀ràn tí a mọ̀ láwùjọ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èrò kan nínú àṣà wa bá a mu. Ní ìparí, a pa ààlà sáàárín iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ olùtọ́jú, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ má baà ṣe ìpalára.

1. Ìfáàrà

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a kì í ti í rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó dédé fà sẹ́yìn. Kì í wá sí kíláàsì déédéé mọ́. Kì í dá sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì bi í léèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ọ̀lẹ, olóríkunkun, tàbí ọmọ tí ẹgbẹ́ burúkú ti bà jẹ́, ni orúkọ tí àwa olùkọ́ sábà máa ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìsàn ni, ó sì jẹ́ àìsàn tí ó ní ìtọ́jú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé àrùn ni ó wà níwájú òun kò lè wá ìwòsàn rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí 280 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní àìsàn ìsoríkọ́ káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìtọ́jú kankan gbà, pàápàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí dókítà ọpọlọ kò ti pọ̀. Èyí ni ó fà á tí a fi rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní òye ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí. A kò ní in lọ́kàn pé kí wọ́n di olùtọ́jú. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí wọ́n mọ ohun tí ìtọ́jú náà jẹ́, kí wọ́n lè darí ẹni tí ó nílò rẹ̀ síbi tí ó tọ́.

2. Ìsoríkọ́: Orúkọ àti Àmì Rẹ̀

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ipò ọkàn tí kò dára: ìbànújẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì, ìdààmú ọkàn, àròkàn, ìsoríkọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ orúkọ àìsàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń banú jẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú iṣẹ́ yìí, 'àìsàn ìsoríkọ́' ni a ó máa lò. Ọ̀rọ̀ náà 'ìsoríkọ́' fi ohun tí ojú ń rí hàn: orí onítọ̀hún wálẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. 'Àìsàn' tí a fi ṣáájú rẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́ tí kò kọjá ọjọ́ bíi mélòó kan.

Kí dókítà tó lè pe ipò kan ní àìsàn ìsoríkọ́, àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ó sì ti máa dí iṣẹ́ tàbí ìbágbépọ̀ onítọ̀hún lọ́wọ́. Àmì méjì ni ó ṣe kókó. Èkíní ni kí ọkàn ènìyàn wúwo ní ọ̀pọ̀ wákàtí òòjọ́. Èkejì ni kí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Àwọn àmì yòókù ni àìróorunsùn tàbí àsùnjù, àìlèjẹun tàbí àjẹjù, àárẹ̀, àìlèfọkàn sí nǹkan, kí ìṣe ènìyàn máa falẹ̀ tàbí kí ó má lè jókòó jẹ́ẹ́, dídá ara ẹni lẹ́bi láìnídìí, àti ríro ikú.

Lọ́dọ̀ wa, ara ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aláìsàn yóò ní orí ń fọ́ òun, ara ń gbóná fún òun, tàbí pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ní ọdún 1987, Roger Makanjuola tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní 'ọdẹ orí', ó sì fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ àti ti àìbalẹ̀-ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ń ṣe. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí ibi ìtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ lemọ́lemọ́ nítorí orí fífọ́ tí oògùn kò kápá lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba àṣìṣe kan nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers, dókítà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú èyí tí ó ti sọ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti Ilé Ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, fi ẹsẹ̀ wọn tẹ àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963 fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo àmì náà pọ̀ nínú èdè. Àìsí orúkọ kọ́ ni àìsí àrùn.

3. Orírun Ìtọ́jú Ìrònú àti Ìhùwàsí

Aaron T. Beck (1921–2021), dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia, ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí baba ìtọ́jú yìí. Ọ̀nà ti Sigmund Freud ni ó kọ́kọ́ kọ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà náà gbà pé ìbínú tí ènìyàn yí padà sí ara rẹ̀ ni ó ń fa ìsoríkọ́. Beck fẹ́ fi ìdí èyí múlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àlá àwọn aláìsàn rẹ̀ wò. Kò rí ìbínú tí ó ń retí. Ohun tí ó rí ni àdánù, ìkùnà àti ìkọ̀sílẹ̀. Nígbà tí ó tún fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dáadáa, ó ṣàkíyèsí pé èrò kéékèèké kan ń sáré kọjá lọ́kàn wọn tí àwọn fúnra wọn kò kọbi ara sí, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ń dá wọn lẹ́bi. Àwọn èrò wọ̀nyí ni a ó pè ní 'èrò àdédéwá' nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọn kì í dúró de ìpè.

Beck ṣe àkójọ wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èrò òdì nípa ara ẹni ('n kò wúlò'), nípa ayé tí ó yí ẹni ká ('kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn mi'), àti nípa ọjọ́ iwájú ('kò lè dára láé'). Ní ọdún 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n oníbèéèrè 21 jáde láti fi díwọ̀n bí ìsoríkọ́ ṣe le tó. Ní ọdún 1979, wọ́n tẹ ìwé tí ó ṣe àlàyé ìtọ́jú náà ní kíkún jáde. Ṣáájú ìgbà yìí, láti àárín ọdún 1950 sí 1960, ni Albert Ellis ti ń kọ́ni ní New York pé ìgbàgbọ́ ènìyàn nípa ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń dà á láàmú ju ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ní apá ti ìhùwàsí, Peter Lewinsohn ṣe àlàyé pé bí ohun adùnmọ́ni bá ti dín kù nínú ìgbésí ayé ẹni, ìsoríkọ́ yóò máa pọ̀ sí i. Àpapọ̀ ọ̀nà méjèèjì yìí ni ó bí ìtọ́jú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

4. Bí Ìtọ́jú Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

4.1 Okùn Ẹlẹ́ka Mẹ́rin

Ìpìlẹ̀ ìtọ́jú yìí ni pé èrò, ìmọ̀lára, ara àti ìṣe so pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá fa ọ̀kan, àwọn yòókù á mì. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Olùyẹ̀wò wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì dìde jáde láàárín ẹ̀kọ́ láìsọ nǹkan kan. Èrò àdédéwá ni: 'Ó ti tán. N kò lè di olùkọ́ láé.' Ìmọ̀lára tí ó tẹ̀lé e ni ìtìjú àti àìnírètí. Àyà rẹ̀ ń já, oorun dá lójú rẹ̀. Ní ti ìṣe, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá bá a wí fún àìwá, ó gbà pé ẹ̀rí dé: lóòótọ́ ni òun kò wúlò. Báyìí ni ìsoríkọ́ ṣe ń fi oúnjẹ bọ́ ara rẹ̀.

Ìpàdé aláìsàn àti olùtọ́jú sábà máa ń wà láàárín 12 sí 20, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pinnu ohun tí wọn yóò jíròrò lé lórí, aláìsàn a sì máa mú iṣẹ́ lọ sí ilé. Olùkọ́ yóò rí i pé èyí kò jìnnà sí ètò ẹ̀kọ́: èròǹgbà wà, ìgbésẹ̀ wà, iṣẹ́ àṣetiléwá wà, ìgbéléwọ̀n sì wà.

4.2 Ìhùwàsí: Ẹsẹ̀ Kí Ó Ṣáájú

Nígbà tí ìsoríkọ́ bá le, ibi ìṣe ni a ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn a máa sọ pé, 'Bí ara mi bá yá, n ó jáde.' Olùtọ́jú á yí i po: jáde díẹ̀, kí ara lè bẹ̀rẹ̀ sí yá. Aláìsàn yóò kọ ohun tí ó ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì fún ìdùnnú àti àṣeyọrí tí ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò jọ yan iṣẹ́ kéékèèké tí ó ṣe é ṣe: kí ó wẹ̀ kí aago méje tó lù, kí ó rìn dé ilé ọ̀rẹ́ kan, kí ó ka ojú ìwé méjì péré. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí iṣẹ́ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní kùnà, kí a sì dá ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀.

4.3 Ìrònú: Kí Èrò Wá Jẹ́rìí

Ìgbésẹ̀ tí ó kàn ni pé kí aláìsàn kọ́ láti mú èrò àdédéwá lójú ẹsẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Olùtọ́jú kì í bá a jiyàn. Ìbéèrè ni ó ń bi í, bí àpẹẹrẹ:

Olùtọ́jú: Nígbà tí olùyẹ̀wò dìde, kí ni ó wá sí ọ lọ́kàn?
Akẹ́kọ̀ọ́: Mà, mo ní wọ́n ti rí i pé n kò mọ nǹkan kan.
Olùtọ́jú: Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?
Akẹ́kọ̀ọ́: Rárá, mà. Wọn kò sọ nǹkan kan.
Olùtọ́jú: Kíláàsì mélòó ni wọ́n wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà?
Akẹ́kọ̀ọ́: Mẹ́rin, mà. Wọn kò pẹ́ nínú ìkankan.
Olùtọ́jú: Kí ni a lè ṣe láti mọ ohun tí wọ́n rí gan-an?
Akẹ́kọ̀ọ́: Mo lè lọ wo ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ti jáde. Ìwé tí yóò lọ wò ni ìdánwò fún èrò náà. Bí ó bá bá ọ̀rọ̀ rere níbẹ̀, èrò rẹ̀ ti jẹ́ irọ́. Bí ó bá bá máàkì tí kò dára, ìtọ́jú kò tíì dópin, nítorí pé ẹ̀kọ́ kan tí kò dára yàtọ̀ pátápátá sí 'n kò lè di olùkọ́ láé'. Èyí àkọ́kọ́ ṣe é tún ṣe. Èkejì jẹ́ ìdájọ́ ikú.

Oríṣiríṣi àṣìrò ni olùtọ́jú máa ń kọ́ aláìsàn láti dá mọ̀. Lára wọn ni fífi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́ gbogbo ayé ẹni. Rírò pé ohun tí kò bá pé pérépéré ti di òfo. Sísọ ohun tí ó wà nínú ẹlòmíràn láìbi í. Àti fífojú fo ohun rere tí ó ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ àwọn àṣìrò yìí ni ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀ wà, èyí tí ó ti wọ ọkàn láti kékeré, bíi 'bí n kò bá gbapò kìíní, n kò já mọ́ nǹkan'. Ìpàdé ìkẹyìn wà fún yíyẹ irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ wò, àti fún mímúra sílẹ̀ de ìgbà tí àìsàn náà bá tún fẹ́ yọjú.

5. Ìtọ́jú Yìí àti Èrò Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ nípa ìtọ́jú yìí, a máa ní, 'Ṣebí ohun tí a ń ṣe náà nìyẹn? À ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ronú mọ́.' Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí a ní kí ó má ronú mọ́ yóò tún fi ìyẹn kún ẹ̀bi ara rẹ̀, nítorí pé kò ní lè ṣe é. Ìtọ́jú yìí ní kí ó ronú, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹ̀rí ronú. Kò sì jẹ́ ìtùnú pé 'ọ̀la á dára', nítorí pé kò ṣe ìlérí ohun tí kò mọ̀.

Síbẹ̀, àṣà wa kò ṣàìmọ̀ nípa ohun tí Beck rí. Òwe wa sọ pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá, èyí ni pé ìrònú ni ó ń bí omijé. Wọ́n sì tún sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìbànújẹ́ kò gbọdọ̀ fọ́ ojú inú. Bákan náà, àwọn onímọ̀ bíi Wándé Abímbọ́lá ti ṣe àlàyé ipò orí àti ẹsẹ̀ nínú èrò Yorùbá: orí tí ènìyàn yàn ṣe kókó, ṣùgbọ́n láìsí ẹsẹ̀, èyí tí í ṣe akitiyan, orí kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Aláìsàn tí ó ní 'orí mi ni kò dára' kò nílò kí a fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ìbéèrè tí ó wúlò ni pé: kí ni gbólóhùn yìí ń mú ọ ṣe, kí ni kò sì jẹ́ kí o ṣe? Láti ibẹ̀ ni a ó ti kan ẹsẹ̀.

6. Ẹ̀rí Tí Ó Wà

Ní ọdún 1977, Beck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 41, nínú èyí tí wọ́n ti fi ìtọ́jú yìí wé oògùn imipramine fún ọ̀sẹ̀ 12; àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú ìrònú ṣe dáadáa jù. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fi gbogbo ìgbà fojúure wò ó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn fi hàn pé fún ìsoríkọ́ tí kò le jù, agbára rẹ̀ sún mọ́ ti oògùn. Àǹfààní rẹ̀ hàn jù lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Nínú ìwádìí tí Steven Hollon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, láàárín ọdún kan, bíi 31 nínú 100 àwọn tí ara wọn yá nípa ìtọ́jú yìí ni àìsàn náà padà sí lára. Láàárín àwọn tí wọ́n dá oògùn dúró, bíi 76 nínú 100 ni.

Ní 1996, Neil Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé apá ti ìhùwàsí nìkan ṣiṣẹ́ bí odindi ìtọ́jú náà ti ṣiṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùtọ́jú kò ti pọ̀, nítorí pé apá yìí rọrùn láti kọ́ni. Ní ìgbèríko Pakistan, Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ní ìtọ́jú tí a gbé ka orí èyí fún àwọn ìyá tí ó ní ìsoríkọ́. Gẹ́gẹ́ bí èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n bímọ, 23 nínú 100 ni ó ṣì ní àìsàn náà láàárín àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú yìí; láàárín àwọn tí kò gbà á, 53 nínú 100 ni.

Èyí tí ó kàn wá jù wá láti Ìbàdàn. Ní ọdún 2016, Tolulope Bella-Awusah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ní àmì ìsoríkọ́. Ìpàdé márùn-ún péré, ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ni wọ́n ṣe. Àmì ìsoríkọ́ dín kù lára wọn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ṣì ń dúró de ìtọ́jú lọ. Ìwádìí náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ wa lè jẹ́ ibi ìwòsàn.

7. Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Kì í ṣe gbogbo èrò tí ó ń bani nínú jẹ́ ni ó jẹ́ àṣìrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san, tí ó sì ń sùn pẹ̀lú ebi, kò ṣi èrò rò bí ó bá ní nǹkan kò rọgbọ. Ẹni tí ó bá ní kí ó yí èrò rẹ̀ padà ń fi í ṣẹ̀sín. Irú rẹ̀ nílò kí a bá a wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro náà gan-an. Ìlànà yìí ni àwọn ìyá àgbà tí Dixon Chibanda kọ́ ní Zimbabwe ń lò lórí ìjókòó ìta ilé ìlera, èsì rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 2016 sì dára.

Bákan náà, ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ le gan-an, tí kò jẹun, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń yí láti ìsoríkọ́ sí ìwúrí àṣejù, nílò dókítà àti oògùn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

8. Ojúṣe Olùkọ́

Ohun mẹ́rin ni a dá lábàá. Èkíní, kí olùkọ́ máa fojú sí ìyípadà: ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ó dákẹ́, ẹni tí ó mọ́ tóní tí kò bìkítà fún ara rẹ̀ mọ́. Èkejì, kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ náà sí kọ̀rọ̀, kí ó bi í léèrè, kí ó sì tẹ́tí sí i láìwàásù. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe fún un ní orúkọ àìsàn, nítorí pé iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Kí ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, àti láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn bíi ti Àró, ti Yábà tàbí UCH ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ohun tí ó jọ pé ayé ti sú u, kí olùkọ́ bi í ní gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a mú ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá kúrò nítòsí, kí a ké sí ẹbí rẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Irú àṣírí yìí kò ṣe é bò.

9. Ìgúnlẹ̀

Ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí aláìsàn àti olùtọ́jú jọ ń ṣe, tí ó ní ìlànà, tí a sì ti dán wò. Ó ń kọ́ ènìyàn láti dá èrò àti òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀, ó sì ń dá a padà sí ẹnu iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó fi orúkọ wèrè pe aláìsàn. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé òfin ti yí padà. Èyí tí ó kù ni orúkọ tí a ń pe akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ tó pe ọmọ kan ní ọ̀lẹ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ti ń sùn, bí ó ti ń jẹun, àti ohun tí ó ń wá sí i lọ́kàn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ìwòsàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.